Kí ló dé tí gbogbo ìkòkò mi fi dúdú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹfà, mo gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì sun ìkòkò 7 nínú rẹ̀. Amọ̀ pupa ni mo fi mọ wọ́n, mo sì ti kọ́kọ́ sun wọ́n lẹ́ẹ̀kan nínú ààrò oníná mànàmáná kí n tó kó wọn sí kòtò. Mo da ìyẹ̀fun pákó kún un, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo wọ́n kọ́pà sọ́fẹ́ètì àti iyọ̀ sí i lórí, mo tiná bọ̀ ọ́. Nígbà tó jó fún bí ìṣẹ́jú 10, mo fi páànù bò ó. Mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìṣaasùn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní àmì pupa bíńtín létí ẹnu. Àwọ̀ osùn, àwọ̀ ọsàn àti àlùkò díẹ̀ ni mò ń wá, bíi ti àwọn tí mò ń rí nínú fídíò. Ṣé kọ́pà tí mo lò ni kò tó?

Ìdáhùn: Rárá o. Kọ́pà yín tó, ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ni kò tó.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí ló rò pé inú ike oògùn ni àwọ̀ wà. Wọ́n á ra kọ́pà, wọ́n á ra gbogbo ohun tí ẹni inú fídíò dárúkọ, wọ́n á dà á sí kòtò bí ẹni ń da ata sọ́bẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á sé iná mọ́lé. Iná tí a bá sé mọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀, dúdú nìkan ló ní láti fún ìkòkò. Ibi tí iná ti rí afẹ́fẹ́, ibi tí kò ti rí i, àti ìgbà tí a dí ẹnu rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe àwọ̀. Kọ́pà àti iyọ̀, olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n.

Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Ní Ìpetumodù, ní Ìsàn-Èkìtì, ní àwọn ẹbu Ìlọrin, púpọ̀ nínú wọn kì í gbẹ́ kòtò jíjìn rárá. Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń to igi sí. Wọ́n á to ìkòkò lé e, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì tiná sí i. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wọlé láti ìhà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò wọn fi máa ń pupa, tí àbàwọ́n dúdú kan á sì wà níbi tí igi ti fara kàn án. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara rẹ̀ ṣú, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ní Ìlọrin, wọ́n á fi igi gígùn gbé ìkòkò jáde nínú iná nígbà tó ṣì gbóná girigiri, wọ́n á sì da omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè sí i lára. Irú ohun tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń ṣe awọ kó má bàa jẹrà wà nínú omi náà. Ooru ìkòkò á sun ún mọ́ ara amọ̀ lójú ẹsẹ̀, ara ìkòkò á ṣú, á sì máa dán. Àwọn ló yàn án pé kó ṣú. Tiyín, ṣe ló bá yín lójijì.

Kòtò ní tirẹ̀, ó ń tọ́jú ooru. Iná inú rẹ̀ máa ń jó pẹ́, èéfín kì í sì í tètè ríbi gbà lọ. Ohun tó mú kí àwọ̀ oríṣiríṣi lè jáde lára ìkòkò kan ṣoṣo nínú kòtò nìyẹn, òun náà ló sì mú kó rọrùn láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátá.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí amọ̀ nínú iná. Èkíní ni ti irin. Irin wà nínú amọ̀ pupa yín lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí irin yìí bá rí afẹ́fẹ́ nígbà tó gbóná, á pupa gẹ́gẹ́ bí irin tó dípẹtà; bí kò bá rí i, á ṣú. Èkejì ni ti èéfín. Èédú wẹ́wẹ́ inú èéfín máa ń wọ inú àwọn ihò tíntìntín ara ìkòkò, á sì jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá tún kan ìkòkò náà nígbà tó ṣì gbóná pọ́n, ká sọ pé ó lé ní 600°C, èédú náà á jó tán, ara ìkòkò á sì mọ́ padà. Nítorí náà, kì í ṣe wákàtí àkọ́kọ́ ló ń pinnu àwọ̀ tí ẹ máa rí. Wákàtí ìgbẹ̀yìn ni. Ohun tó bá yí ìkòkò ká nígbà tó ń bọ̀ sílẹ̀ láti inú ooru, òun ni yóò mú délé.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe. Ẹ tẹ ìyẹ̀fun pákó mọ́lẹ̀ títí tí ààyè kankan kò fi sí nínú rẹ̀, ẹ sì fi páànù bò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ìyẹ̀fun pákó tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí kì í jó. Ṣe ló máa ń rú èéfín, tí iná á máa rá pálá nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Kọ́pà kì í sì í rìn bí kò bá gbóná. Ó gbọ́dọ̀ rí iná tó pọ́n, bíi 700°C sókè, kí òun àti iyọ̀ tó lè di èéfín tó ń fẹ́ káàkiri inú kòtò, tó ń lọ bà lé ìkòkò lára. Orí ìyẹ̀fun ni tiyín jókòó sí, ó yọ́ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Àmì pupa tó wà létí ẹnu ìkòkò kan yẹn, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹnu ìkòkò náà ló yọrí jáde kúrò nínú ìyẹ̀fun, tí ọwọ́ iná fi tó o fún ìṣẹ́jú 10 tí ẹ jẹ́ kó mí yẹn.

Oṣù kẹfà náà tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàdàn ní oṣù kẹfà, omi ni. Kòtò tí ògiri rẹ̀ tutù á kọ́kọ́ fi ooru yín gbẹ ara rẹ̀ kó tó kan ìkòkò. Bí ẹ kò bá lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dáná sínú kòtò òfìfo lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kó jó fún wákàtí 2, kí ẹ kó eérú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bò ó kí ìrì má bàa wọ̀ ọ́.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa amọ̀ yín. Aláró kì í mú aṣọ dúdú wá síbi ìkòkò aró kó máa retí pé kí àdìrẹ rẹ̀ yọ. Amọ̀ pupa, aṣọ tí wọ́n ti pa láró tẹ́lẹ̀ ni. Ó dára gan-an fún pupa àti dúdú, kò sí ohun tó dára tó o níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, osùn tó rọ̀, àti ìyeyè tí ẹ̀ ń wá, wọn kò ní hàn lórí rẹ̀. Amọ̀ funfun ni wọ́n ń fẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ fi amọ̀ funfun mọ gbogbo ìkòkò. Ẹ lè fi omi amọ̀ funfun kùn ún lára. Amọ̀ funfun wà ní Ìjẹ̀rò-Èkìtì, ẹ sì lè ra lílọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ìkòkò.

Omi amọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ kàn pò nínú báàfù. Ẹ wọn amọ̀ funfun gbígbẹ kìló 3, ẹ dà á sínú omi lítà 7, kí ẹ sì fi giramu 15 sodium silicate sí i. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máa ń rà á, ẹ lè rí i ní ọjà kẹ́míkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwọn hóró amọ̀ nípá kí wọ́n má dìpọ̀. Ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ gbé e sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní ta á lẹ́sẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí tó wà lókè rẹ̀, tó dà bí mílíìkì, kí ẹ má jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí lókè yẹn ni ẹ̀ ń wá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sára ìkòkò tó ti gbẹ pátá, tí ẹ kò tíì sun, bí ìgbà 3 sí 5. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń pàdánù omi orí rẹ̀, ẹ fa láílọ́ọ̀nù mọ́ ìka yín, kí ẹ máa fi pa á. Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di búrẹ́dì ni mo fẹ́ràn jù, ó rọ̀, kì í sì í fi ojú ìlà sílẹ̀. Ara ìkòkò á máa tàn bí èso ìṣin kí ẹ tó gbé e sínú ààrò.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é bíi ti ayé àtijọ́, ẹ mú òkúta odò tó jọ̀lọ̀, kí ẹ fi máa fá ara ìkòkò nígbà tó le bí awọ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ. Ọwọ́ á ro yín, mo ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Dídán yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ojú tó jọ̀lọ̀ ni àwọ̀ tó rọ̀ ti máa ń hàn, ojú tó rí ṣákaṣàka máa ń mu ún.

Ẹ kò sọ iye ooru tí ẹ fi kọ́kọ́ sun wọ́n nínú ààrò iná mànàmáná. Kí ẹ máa dá a dúró láàárín 900°C sí 950°C. Bí ó bá ti ń kọjá 1000°C, dídán tí ẹ fi ọwọ́ ríro wá á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwọn ihò ara ìkòkò náà á máa dí, èéfín kò sì ní ríbi wọ̀. Bí ẹ bá sì ti ń mọ ọ́n, ẹ po àpáàdì gígún mọ́ amọ̀ náà, bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú, òótọ́ ni: ó ti jóná rí, kì í fẹ̀ tàbí sún kì mọ́ bíi ti amọ̀ tútù, ìkòkò kì í sì í sáàbà là lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku kíkó ìkòkò sí kòtò, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn tó mítà kan. Kí ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré kan láti ẹ̀gbẹ́ wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ fi páìpù irin tàbí àwọn bíríkì tí ẹ tò ní méjì-méjì la ọ̀nà sínú rẹ̀. Èyí ni imú kòtò. Ẹ ní òkúta kan nítòsí tí ẹ lè fi dí i.

Ẹ da ìyẹ̀fun pákó sísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo tún un sọ: ẹ má tẹ̀ ẹ́. Èèpo pákó tí àwọn káfíńtà fi ìfági fá tilẹ̀ dára ju ìyẹ̀fun láti sọ́míìlì lọ, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀. Èmi máa ń pò ó ní àbọ̀ sí àbọ̀. Ẹ wọ́n kọ́pà sọ́fẹ́ètì sórí rẹ̀, 200 sí 250 giramu tó fún ìkòkò 7, kí ẹ sì wọ́n iyọ̀ ìlọ́po méjì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá rí kọ́pà sọ́fẹ́ètì ní ọjà kẹ́míkà, ẹ wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn fún àgbẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó wa máa ń pò mọ́ láìmù láti fi wọ́n igi kí èso kòkó má bàa ra dúdú. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò rì sínú ìyẹ̀fun dé ìdajì péré. Ìdí wọn á ṣú, ìbàdí wọn á gba kọ́pà, ọrùn wọn á wà níbi tí iná ti ń jó. Èmi kì í gbé ìkòkò jókòó gédégédé. Mo máa ń dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ojú ìlà tó wà láàárín dúdú àti pupa má bàa tọ́ bí ìgbànú.

Kí ẹ tó fi igi bò wọ́n, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí há ẹ̀gbẹ́ wọn, kí wọ́n fara kan ara ìkòkò gan-an. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Èèpo àgbàdo tí ẹ rẹ sínú omi iyọ̀, tí ẹ sì sá gbẹ. Ó máa ń fi àmì ìyeyè àti ọsàn sílẹ̀ bí ìgbà tí ewé bà lé ibẹ̀. Kàìnkàìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, ẹ ya á wẹ́wẹ́. Ó ń fún ara ìkòkò ní àwọ̀ ìpẹtà. Wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ wé mọ́ ọn lára á fi ìlà dúdú sílẹ̀, nígbà mìíràn pupa á wà létí ìlà náà. Ẹ fi ọ̀bẹ bó rọ́bà wáyà náà kúrò o, ẹ má sun ún kúrò. Àwọn tó wà létí òkun ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń lo koríko inú òkun nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ kòkó ní èèpo kòkó. Eérú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹ ti mọ bó ṣe mú tó. Gbígbẹ rẹ̀ ni mo máa ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, mo sì fẹ́ràn àwọ̀ eérú tó pa pọ̀ mọ́ ìyeyè tó ń fi sílẹ̀ ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ to ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ, kí igi ńlá tẹ̀ lé e, títí tó fi yọrí jáde ní kòtò bí ìdajì mítà. Òkè ni ẹ ó ti tiná sí i, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Iná á máa rọra sọ̀kalẹ̀, ìkòkò á máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé hóró yanrìn tó wà nínú amọ̀ máa ń fẹ̀ lójijì ní 573°C, á sì tún sún kì bí ó bá ń bọ̀ sílẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ibi tí ìkòkò ti sábà ń là nìyẹn, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ẹ jẹ́ kí iná jó gedegbe fún wákàtí 3 sí 4, imú kòtò wà ní ṣíṣí. Ẹ máa fi igi kún un. Nígbà tí igi bá ti di ẹ̀yinná, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rí èjìká ìkòkò tó pọ́n láàárín rẹ̀, ìpinnu kù sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkè wọn mọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dúdú níbì kan, ẹ bu ìkúnwọ́ èèpo pákó tàbí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí ibẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dí imú kòtò, kí ẹ gbé páànù lé e, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí etí rẹ̀. Wákàtí 4 lẹ́yìn tí ẹ tiná, kì í ṣe ìṣẹ́jú 10.

Bí ẹ bá ń rò pé àsọdùn ni mò ń sọ nípa wákàtí ìgbẹ̀yìn yìí, ẹ wo Maria Martinez, ọmọ abúlé San Ildefonso ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, tó gbé ayé láti 1887 sí 1980. Ìkòkò dúdú rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ Julian máa ń ya nǹkan sí, ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Amọ̀ rẹ̀ kì í ṣe amọ̀ dúdú o. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nínú iná, pupa ni. Òun ló máa ń da ìgbẹ́ ẹṣin lílọ̀ bo iná náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá tó àkókò. Èyí tó sún mọ́ wa ni Magdalene Odundo, amọ̀kòkò tí wọ́n bí ní Nairobi ní 1950. Láàárín 1974 sí 1975, ó wá sí ilé ìkòkò Abuja, ìyẹn ní ìlú tí a ń pè ní Súlèjá báyìí, tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 1951. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20 wa. Bí Odundo bá sun ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní nínú iná tó ní afẹ́fẹ́, á jáde ní àwọ̀ ọsàn. Bí ó bá fẹ́ kó dúdú, á tún un sun nínú iná tí kò ní afẹ́fẹ́. Amọ̀ kan náà ni, ìkòkò kan náà ni.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé kòtò rẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi gbìyànjú pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ wá àmù àtijọ́ kan tó ti ya lẹ́nu. Ẹ gbé ìkòkò kékeré sínú rẹ̀, kí ẹ fi èèpo pákó díẹ̀, iyọ̀, wáyà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká, kí ẹ fi àpáàdì ńlá dé e. Àmù náà ni ẹ ó gbé sínú iná. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní bá ti ìta jà, àwọ̀ á sì fara balẹ̀ jókòó. Àwọn kan ń fi fọ́ìlì wé ìkòkò wọn ṣe irú èyí. Ó dára, àmọ́ ẹ rántí pé 660°C ni fọ́ìlì ń yọ́. Bí iná yín bá mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò ní bá a níbẹ̀.

Ẹ ó rí àwọn kan tó ń lo ferric chloride, omi kan tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ fi ń jẹ bàbà kúrò lára pátákó. Ó ń mú àwọ̀ ọsàn wá lóòótọ́. Ó tún ń jẹ awọ ara, èéfín rẹ̀ sì burú. Mi ò fẹ́ rí i nílé ìwé tí ọmọdé wà.

Èyí tí ẹ ti ń lò yẹn náà kì í ṣe ohun eré. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ di kọ́pà mú, kí ẹ sì wọ ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín kẹ́míkà, kì í ṣe ti aláṣọ. Iyọ̀ tó ń jóná pẹ̀lú kọ́pà máa ń tú afẹ́fẹ́ tó ń ta ọ̀fun jáde. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹ má dúró síbi tó ń fẹ́ lọ, kí ẹ sì kó aṣọ tí aládùúgbò sá kúrò kó tó di ìjà. Ẹ má fi igi òpó iná mànàmáná tàbí pákó tí wọ́n ti fi oògùn kùn dáná rárá, oògùn inú rẹ̀ lè ní májèlé arsenic. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìkòkò wọ̀nyí jẹun tàbí mumi. Òdòdó gbígbẹ ni kí ẹ fi sínú wọn. Yàtọ̀ sí ti kọ́pà, ìkòkò tí a sun bẹ́ẹ̀ á máa jo díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àmù ṣe ń làágùn, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù.

Nípa ṣíṣí kòtò, sùúrù ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, nínú ọyẹ́, ojú mi kò gbà á. Mo ká páànù kúrò nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo gbọ́ "páà!" kan, mo gbọ́ èkejì, kí n tó rí páànù gbé padà, ìkòkò 3 ti lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé páànù náà. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ sí i kí ẹ ka oókan dé ogún, kò tíì tó ṣí. Bí ẹ bá kó wọn jáde, ẹ fi omi lásán àti kàìnkàìn rírọ̀ fọ eérú ara wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ 2, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa wọ́n lára, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún. Àwọ̀ tó dà bíi pé ó ti kú nígbà tí ìkòkò gbẹ á jí padà.

Ní ti àwọn ìkòkò 7 tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jù wọ́n nù, ẹ má sì kun ọ̀dà sí wọn lára bí mo ṣe mọ̀ pé ẹnì kan ti ń gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ fọ 6 nínú wọn dáadáa kí iyọ̀ àti kọ́pà tó kù lára wọn lọ, kí ẹ kó wọn padà sínú ààrò iná mànàmáná, kí ẹ ṣí ojú ihò ààrò náà, kí ẹ sì gbé ooru lọ sí 750°C. Fèrèsé yàrá náà kó wà ní ṣíṣí, kí ẹ̀yin sì wà níta. Èédú ara wọn á jó tán, wọ́n á pupa padà bí ìgbà tí wọn kò tíì rí kòtò rí. Lẹ́yìn náà ẹ lè tún wọn kó sí kòtò ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Ìkeje, èyí tó ní àmì pupa létí ẹnu, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e sórí tábìlì yín nínú kíláàsì, kí ẹ bi àwọn ọmọ pé apá ibo ni afẹ́fẹ́ ti kàn án lọ́jọ́ náà.